Ọkọ Tó Ti Lé ní Ogún Ọdún

Ẹ̀gbà ọwọ́ Ìbídùnní di àwọ̀ ewé nígbà tí wọ́n ka àròkọ náà dé ìlà kẹtàlá, níṣojú gbogbo àwọn olùyẹ̀wò tó kù.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣóyọyè tó jókòó sí tábìlì kejì ló kọ́kọ́ rí i. Ó fò dìde, ó ń pàtẹ́wọ́. Ẹsẹ̀ lásán ló fi dìde o, nítorí pé láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn tí ọmọ iléèwé kan ti kọ àròkọ lórí ìdí tí bàtà fi jẹ́ ọ̀tá ọmọ ènìyàn, Ṣóyọyè kò tíì wọ bàtà mọ́.

"Ó ti mú wọn! Ìyá Kòfo, ó ti mú yín! Odindi ọdún mẹ́ta tí ẹ ti ń ṣe oríkunkun!"

"Ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ẹ̀yin ọkùnrin yìí." Ìbídùnní ń fi ìka nu ẹ̀gbà náà bíi pé ìdọ̀tí ló wà lára rẹ̀. "Ó lè jẹ́ pé ó bàjẹ́ ni."

"Ẹ̀gbà kì í bàjẹ́," ni Òṣùwọ̀n dáhùn látinú ògiri. "Funfun ló máa ń wà títí ọ̀rọ̀ yóò fi yí ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ́kàn padà."

Òṣùwọ̀n ni ẹ̀rọ tó ń ka àròkọ sí àwọn olùyẹ̀wò létí ní Ilé Ìwọ̀n ìlú Òkè-Àgbàrá. Ohùn rẹ̀ dà bí ohùn alágbàfọ̀ tó mọ̀ pé aṣọ yín ti sọnù ṣùgbọ́n tí kò tíì fẹ́ sọ.

"Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ńbà ọgọ́rin," ni Òṣùwọ̀n ń bá a lọ. "Ìrònú: máàkì mẹ́tàdínláàádọ́ta nínú àádọ́ta. Mo yọ mẹ́ta nítorí àṣìṣe àkọtọ́. Ìyínilọ́kànpadà: àádọ́ta nínú àádọ́ta, bí olùyẹ̀wò bá ṣe ohun tí àròkọ náà rọ̀ ọ́ láti ṣe kí ọjọ́ méje tó pé. Bí kò bá ṣe é, òdo. Ọgọ́ta ni akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ní kó tó yege."

"Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ṣé èmi lò ń ka òfin fún? Sọ ohun tí mo máa ṣe fún mi, jàre."

Ẹ má bínú sí i pé ó ń béèrè. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dùn gan-an, ohùn rẹ̀ nìkan lèèyàn máa ń gbọ́, kò ní mọ ibi tó ń gbé òun lọ. Ìbídùnní ti di ojú, ó ti fẹ̀yìn ti àga, ó sì ń mi orí bí ẹni tí wọ́n ń bá họ ẹ̀yìn.

"Ìgbésẹ̀," ni Òṣùwọ̀n wí. "Kí olùyẹ̀wò dá ọkọ rẹ̀ padà fún àwọn tó ṣe é."

Ṣóyọyè rọra jókòó. Kò pàtẹ́wọ́ mọ́.

"Tún un kà," ni Ìbídùnní wí.

Òṣùwọ̀n tún apá kan nínú rẹ̀ kà: "Ọkọ tó bá ti lé ní ogún ọdún, ariwo rẹ̀ ti pọ̀ ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Láàárọ̀, yóò wúkọ́ títí kó tó gbéra. Ohun tó ń mu pọ̀, ibi tó ń lọ kò jìnnà. Ibi tí a tún ṣe lánàá ni yóò tún bàjẹ́ lọ́la. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti jẹ. Kì í ṣe pé a kórìíra rẹ̀. Ó ti gbé wa dé ibi tó lè gbé wa dé. Ẹ jẹ́ kí a dá a padà fún àwọn tó ṣe é, tọpẹ́tọpẹ́, nítorí àwọn ló mọ ohun tí wọ́n fi ṣe é."

Àwọn olùyẹ̀wò méjì tí wọ́n jẹ́ obìnrin mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n yára fi ọwọ́ kejì bo ẹ̀gbà tiwọn.

*

Nígbà tí Ìbídùnní délé, Láoyè ọkọ rẹ̀ wà lábẹ́ ọkọ̀. Mẹkáníìkì ni Láoyè. Àwọn ọkọ̀ kéékèèké tó ń fò láti òrùlé dé òrùlé ló ń tún ṣe, pàápàá àwọn àlòkù tí àwọn mẹkáníìkì tó kù ti kọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló yọ síta. Ìbídùnní rò ó pé ó rọrùn díẹ̀ láti sọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹsẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Kòfo."

"Káàbọ̀, Ìyá Kòfo. O tètè dé."

"Ẹ̀gbà mi di àwọ̀ ewé lónìí."

"Yéè!" Nǹkan irin kan bọ́ lulẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀. "Kí la ò gbọdọ̀ jẹ mọ́?"

Kò jẹ̀bi pé oúnjẹ ló kọ́kọ́ sá sí. Ọkùnrin yìí ti fara da nǹkan. Nítorí àròkọ ọmọ kan, kò sí dígí nínú ilé wọn láti ọdún méje. Inú ìdérí ìkòkò ni Láoyè ti ń wo ojú fá irùngbọ̀n. Nítorí àròkọ ọmọ mìíràn tó fi ẹ̀rí mẹ́sàn-án hàn pé ojúmọmọ ni ikùn ń ṣiṣẹ́, oúnjẹ alẹ́ ni wọ́n ń jẹ ní àárọ̀, wọ́n sì ń mu ẹ̀kọ ní ìrọ̀lẹ́. Ọdún kan tilẹ̀ wà tí Ìbídùnní kò gbọdọ̀ bá ẹni tó bá jókòó sọ̀rọ̀, Láoyè sì dúró ní gbogbo ọdún náà. Kò ráhùn. Ó kàn máa ń béèrè pé, "Ọmọ ọdún mélòó ló kọ eléyìí?"

"Kì í ṣe oúnjẹ," ni Ìbídùnní wí.

"Ṣé ibùsùn ni? Mo kìlọ̀ fún ọ pé bí wọ́n bá fi lè kó ibùsùn wa lọ pẹ́nrẹ́n..."

"Ẹ̀yin ni."

Ẹsẹ̀ méjèèjì dúró gbagidi.

Láoyè yọ jáde díẹ̀díẹ̀. Òróró ti ta sí i nímú. "Èmi báwo?"

Ìbídùnní kò lè sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀. Ó tẹ ẹ̀gbà rẹ̀, Òṣùwọ̀n sì ka àròkọ náà fún wọn nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Láoyè kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ní yóò wúkọ́ kó tó gbéra, ikọ́ gbé e. Ó fẹ́ gbé e mì, kò lọ, ó wúkọ́ náà nígbẹ̀yìn, ojú sì tì í. Nígbà tí wọ́n kà á tán, ó nu ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú àkísà fún ìgbà pípẹ́.

"Ìlà wo ni?" ló béèrè.

"Ìlà wo báwo?"

"Ọdún méjìlélógún lò ń sọ fún mi pé ìlà kan ṣoṣo ló máa ń yí èèyàn lọ́kàn padà, pé ìyókù wulẹ̀ ń tẹ̀lé e ni. Èwo nínú wọn ni? Ṣé ti ikọ́ ni?"

"Kì í ṣe ti ikọ́."

"Ṣé ti ohun mímu ni? Torí èmi ò mu tó bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ò mu tó bẹ́ẹ̀."

"Ìyá Kòfo, sọ ọ́."

Olùyẹ̀wò kì í purọ́ nípa ohun tó yí i lọ́kàn padà. Nǹkan kan ṣoṣo tí wọ́n ní kó má ṣe nìyẹn. Ìbídùnní wo ilẹ̀. "Ibi tó ti ní ó ti gbé wa dé ibi tó lè gbé wa dé."

Láoyè ká àkísà náà sí mẹ́rin, ó fi í sí àpò. Ó dun Ìbídùnní wọra. Ká ní ọkùnrin náà bínú ni, ìbá sàn. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń dá ẹni tó ń bínú lóhùn. Ohun tó burú jù ni pé òótọ́ ni. Nígbà tó gbọ́ ìlà yẹn, ó rántí àwọn òwúrọ̀ tí wọn kì í bára wọn sọ ju "ẹ káàárọ̀" lọ láti ìgbà tí Kòfo, ọmọ wọn, ti lọ ń ṣiṣẹ́ ní ìlú orí omi, ó sì mí kanlẹ̀ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Ìmí yẹn ni ẹ̀gbà gbọ́.

*

Ní ọjọ́ kejì, Alàgbà Ṣótúndé, ọ̀gá Ilé Ìwọ̀n, ránṣẹ́ pe akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ńbà ọgọ́rin. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún kan tó ń jẹ́ Ṣẹ̀gilọlá ni. Ó kúnlẹ̀, ó kí wọn, ó sì jókòó sí etí àga bí ẹni tó fẹ́ sá.

"Ọmọ mi," ni Ìbídùnní bẹ̀rẹ̀, "kí ni ọkùnrin ṣe fún ọ?"

"Ọkùnrin wo, mà?"

"Àwọn ọkọ. Àwọn tó ti lé ní ogún ọdún."

Ọmọ náà wò ó, ó wo Alàgbà, ó tún wò ó. "Mà, ọkọ̀ ni mo kọ. Ọkọ̀ tó ń fò. Bàbá mi ní ọ̀kan tó máa ń já bọ́ sínú ọgbà àwọn aládùúgbò wa."

"Ọkọ̀ kẹ̀? Ọkọ ni Òṣùwọ̀n kà sí wa létí," ni Ìbídùnní wí.

"Ẹ dúró, mà," ni Ṣẹ̀gilọlá wí, ojú rẹ̀ sì ti ń là. "Ẹ ní ẹ gbọ́ ọ ní ọkọ? Kí lẹ wá rò nígbà tẹ́ ẹ dé ibi tí mo ti ní ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti jẹ?"

"Mo rò pé àfiwé ni. Mo ní ò ń ka ọwọ́ mọ́ ọn."

"Ibi tí mo ti ní ó lè gba èèyàn mẹ́fà láyè ńkọ́?"

"Mo rò pé ó fẹ́ràn àlejò ni."

"Ibi tí mo ti ní kí wọ́n máa fi ọṣẹ fọ abẹ́ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ńkọ́, mà?"

"Ìyẹn," ni Ìbídùnní wí, "mo rò pé ìmọ̀ràn ìlera ni."

Alàgbà Ṣótúndé yí ojú sí ògiri, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Nígbà tó tó àkókò, ó nu ojú rẹ̀, ó sì béèrè lọ́wọ́ Òṣùwọ̀n ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọkọ nínú àkọlé láìfi àmì sí i," ni Òṣùwọ̀n dáhùn. "Nínú ara àròkọ, ó kọ ọ́ ní ọkọ̀ nígbà mẹ́tàlélógójì. Àkọlé ló ń darí ara àròkọ. Mo ka mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógójì sí àṣìṣe, mo tún gbogbo wọn ṣe, mo sì yọ máàkì mẹ́ta."

"O tún wọn ṣe!" ni Ìbídùnní pariwo. "O fi ọwọ́ ara rẹ sọ ọkọ̀ mẹ́tàlélógójì di ọkọ nínú ilé onílé!"

"Mo ń kánjú ni, mà," ni Ṣẹ̀gilọlá wí, ó ti ń sunkún. "Àkọlé ni mo kọ́kọ́ kọ. Àmì kan péré ni mo gbàgbé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n fìdí rẹmi."

Alàgbà ní kó má sunkún. Ó dá máàkì mẹ́ta rẹ̀ padà lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá kọjú sí Ìbídùnní, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀.

"Ìyáàfin, ìrònú ọmọ yìí pé. Ti ìyínilọ́kànpadà ló kù. Ṣé ẹ ní ọkọ̀ nílé?"

"Rárá o. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn."

"Nítorí náà kì í ṣe ọkọ̀ ló yí yín lọ́kàn padà. Ọmọ yìí ṣèèṣì ni, ẹ̀rọ ṣèèṣì ni. Ọkàn yín nìkan ni kò ṣèèṣì."

Ìbídùnní tó ti fa ìlà pupa sí abẹ́ ọ̀rọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ, kò rí ibi tí yóò fa ìlà sí nínú gbólóhùn yẹn.

"Bí mi ò bá dá a padà ńkọ́?"

"Àádọ́ta péré ni ọmọ yìí máa ní. Kò ní yege, yóò sì tún ọdún kan kà. Ọ̀nà kan ló kù: kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn kọ àròkọ ìtakò, kó yí yín padà kí ọjọ́ méje tó pé. Bí ẹ̀gbà yín bá funfun, ẹ dúró pẹ̀lú ọkọ yín, máàkì ọmọ yìí kò sì ní dín." Ó fa ẹ̀gbà kan lé e lọ́wọ́. "Ẹ fún Bàbá Kòfo ní eléyìí. Ó gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó bá ń kọ ọ́."

*

Ìbídùnní fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré dé ilé. Ó ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún Láoyè: àmì tí ọmọ náà gbàgbé, ọkọ̀ tó di ọkọ, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Láoyè gbọ́ ọ títí dé òpin.

"Àròkọ lórí bí wọ́n ṣe máa kó àwọn àlòkù ọkọ̀ kúrò nílùú," ló wí. "Èmi tó jẹ́ pé àlòkù ọkọ̀ ni mò ń tún ṣe. Bó jẹ́ ọkọ, bó jẹ́ ọkọ̀, èmi náà ló ṣáà kàn."

"Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀! Ẹ kọ ìtakò. Ẹ jókòó síbí. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ àròkọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ lè mọ ibi tí ẹ máa ti dojú kọ ọ́."

Láoyè wọ ẹ̀gbà, ó jókòó, Òṣùwọ̀n sì kà á. Ìbídùnní mú pẹ́ńsù pupa rẹ̀ dání, ó ń tọ́ka sí àwọn ibi tí kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára. Láoyè ń mi orí. Nígbà tí wọ́n dé ìlà kẹtàlá, ẹ̀gbà ọwọ́ Láoyè di àwọ̀ ewé.

"Bàbá Kòfo!"

"Ọmọ yẹn gbọ́n," ni Láoyè wí. Kò bínú. Ìyẹn gan-an ló kó jìnnìjìnnì bá Ìbídùnní.

"Ẹ ò lè gbà á! Ẹ̀yin lẹ fẹ́ takò ó!"

"Mẹkáníìkì ni mí. Bí nǹkan bá ti parí, mo máa ń mọ̀. Àwọn oníbàárà ni kì í gbà." Ó dìde, ó lọ sí yàrá, ó sì fa àpótí jáde lábẹ́ ibùsùn. "Ó ní tọpẹ́tọpẹ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Mi ò rò pé a ṣẹ ara wa."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ìyá Láoyè ti yọ lára ògiri pálọ̀. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, gbogbo ojú rẹ̀ sì kún ògiri náà nítorí pé ó máa ń sún mọ́ ẹ̀rọ jù.

"Ìbídùnní, wọ́n ní o fẹ́ dá ọmọ mi padà."

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mà, ọ̀rọ̀ òfin ni."

"Ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fún ọ. Irun wà lórí rẹ̀. Eyín rẹ̀ pé. Irun ọ̀hún dà?"

"Màmá..."

"Mi ò gbà á! Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n! Ẹ ti lò ó gbó kẹ́ ẹ tó máa dá a padà! Mo ti sọ yàrá rẹ̀ di ilé adìyẹ. Ṣé kí n lé àwọn adìyẹ mi síta ni?"

"Màmá, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀," ni Láoyè ké láti yàrá.

"Ìwọ, dákẹ́! Èmi àti ẹni tó lò ọ́ là ń sọ̀rọ̀."

Nígbà tí ìyá kúrò lára ògiri, Ìbídùnní pe Alàgbà Ṣótúndé. Alàgbà mí kanlẹ̀. Ó ní bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn bá ti gbà, olùyẹ̀wò nìkan ló kù tó lè kọ ìtakò. "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ yí i padà, Ìyáàfin. Bí ti ọwọ́ rẹ̀ bá funfun, tiyín náà á funfun. Ẹnikẹ́ni kì í yí ẹlòmíràn padà lórí ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò gbà gbọ́."

"Mi ò kọ àròkọ rí láti ìgbà tí mo ti kúrò níléèwé, sà."

"Ẹ ti ka bí ọ̀kẹ́ kan."

"Kíkà kọ́ ni kíkọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Alàgbà wí. "Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn náà máa ń sọ bẹ́ẹ̀."

Ìbídùnní kọ ọ́ fún ọjọ́ márùn-ún. Ẹ wo bó ṣe ń kọ ọ́: ọwọ́ ọ̀tún á kọ gbólóhùn kan, ọwọ́ òsì á ti gbé pẹ́ńsù pupa. Ó kọ ọ́ pé "Ọkọ mi jẹ́ èèyàn dáadáa," ó sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ̀rí dà?" Ó kọ ọ́ pé "Kò sí ẹni tó dà bí rẹ̀," ó sì kọ pé, "Àbùmọ́. Èèyàn mélòó lo ti wò?" Ó kọ ọ́ pé "Ó máa ń mú mi rẹ́rìn-ín." Ó dúró lórí ìyẹn fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó fa ìlà sí i, ó kọ pé, "Kò kan kókó ọ̀rọ̀." Ní gbogbo àkókò yìí, ó ń gbọ́ ìró Láoyè nínú yàrá kejì, tó ń to irin iṣẹ́ rẹ̀ sínú àpótí lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rù sì ń bà á gidigidi.

*

Ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ keje, àpótí ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ̀ tí yóò gbé Láoyè lọ sí abúlé ìyá rẹ̀ ti balẹ̀ sórí òrùlé, ó ń hó yee.

"Ẹ jókòó kẹ́ ẹ gbọ́ ọ," ni Ìbídùnní wí. Ó ti wọ aṣọ iṣẹ́. Ó dìde dúró, ó wá ohùn rẹ̀ rí, ó sì kà á: Ìdí Mẹ́ta Tí Kò Fi Yẹ Kí A Dá Ọkọ Padà. Àkọ́kọ́ ni pé ọkọ tuntun yóò nílò iye ọdún kan náà kó tó mọ ilé. Èkejì ni pé ohun tó ń bàjẹ́ tí wọ́n sì ń tún ṣe kò tíì parí, nítorí pé bó bá ti parí ni, wọn kò ní lè tún un ṣe. Ẹ̀kẹta ni pé àwọn tó ṣe é kò fẹ́ gbà á, wọ́n sì ti sọ bẹ́ẹ̀ níṣojú ẹlẹ́rìí.

"Ìrònú: àádọ́ta nínú àádọ́ta," ni Òṣùwọ̀n wí láti inú ẹ̀gbà. "Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú rẹ̀."

Inú Ìbídùnní dùn, ó sì yára wo ọwọ́ Láoyè. Àwọ̀ ewé ni, rekete.

"Ó dára gan-an," ni Láoyè wí, bí ẹni tó ń tu ọmọ nínú. "Ìdí rẹ̀ tò. Ṣùgbọ́n ta ni ọkùnrin inú ẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni."

"Kì í ṣe èmi. Ọkọ aládùúgbò wa lè jẹ́ ẹ. Alàgbà Ṣótúndé lè jẹ́ ẹ." Ó dìde, ó tẹ̀ ba, ó mú àpótí. "Ó dàbọ̀, Ìyá Kòfo. Má gbàgbé pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn máa ń há. Èjìká ni kó o fi tì í."

Ìbídùnní gbá ọwọ́ àpótí náà mú.

"Má lọ."

Láoyè wò ó. "Kí ló dé?"

"Mo ní má lọ."

"Mo gbọ́. Ìdí ẹ̀ ni mò ń béèrè."

"Ìdí ẹ̀ ni pé mo ní kó o má lọ!"

"Àṣìṣe," ni Òṣùwọ̀n wí. "Ìdí àti ìparí jẹ́ ohun kan náà."

"Pa ẹnu rẹ dé!" Ohùn Ìbídùnní ti gba gbogbo ilé. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, "ẹ" ló máa ń pe ọkọ rẹ̀, kódà nígbà tí wọ́n bá ń jà. Kò mọ̀ pé òun ti gbàgbé. "Wọ́n ní o ti gbé mi dé ibi tí o lè gbé mi dé. Ta ló sọ pé mo ti dé? Ṣé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀? Mi ò tíì dé ibì kankan, Láoyè! Bó o bá fẹ́ wúkọ́, wúkọ́. Bó ò lè yára, rọra. Mo gbọ́ ìlà yẹn, mo mí kanlẹ̀, òótọ́ ni, ó ti rẹ̀ mí, ó sì ti rẹ ìwọ náà! Ṣé torí pé ó rẹ èèyàn ló ṣe máa bọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà? Mi ò lè fi ẹ̀rí hàn ọ́. Mo wá a fún ọjọ́ márùn-ún, mi ò rí i. Mi ò fẹ́ kó o lọ. Ó tán!"

"Kò sí ẹ̀rí," ni Òṣùwọ̀n wí. "Ariwo pọ̀."

Láoyè ṣì di ọwọ́ àpótí mú ní tirẹ̀. Ó ń wo obìnrin náà bí ẹni tó ń wo ojú ọ̀nà tí kò gbà rí. Ó ṣe díẹ̀ kí àwọn méjèèjì tó wo ìsàlẹ̀, níbi tí ọwọ́ wọn ti pàdé lórí àpótí. Ẹ̀gbà ọkùnrin náà ti funfun. Ti obìnrin náà funfun pẹ̀lú.

Láoyè lọ sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, ó gbójú sókè. "Awakọ̀! Máa lọ! Mi ò lọ mọ́!"

"Mo ti ń kọ èsì sílẹ̀," ni Òṣùwọ̀n wí. "Máàkì akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ńbà ọgọ́rin pé ọgọ́rùn-ún. Àròkọ ìtakò èkejì, tí olùyẹ̀wò fi ẹnu sọ: ìyínilọ́kànpadà, àádọ́ta nínú àádọ́ta. Ìrònú, òdo. Àpapọ̀, àádọ́ta. Kò yege."

Ìbídùnní tó ń fi ìdí ìró nu ojú gbé orí sókè.

"Òdo kẹ̀?"

"Òdo."

"O ò rí nǹkan kan níbẹ̀? Kódà máàkì kan? Ibi tí mo ti béèrè bóyá torí pé ó rẹ èèyàn ló ṣe máa bọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà, ṣé ìyẹn kì í ṣe ìrònú?"

"Ìbéèrè ni. Kì í ṣe ìdí."

Láoyè ti gbé àpótí rẹ̀ padà dé ẹnu yàrá. Ó dúró, ó ń rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e, ó sì wúkọ́ rẹ̀ dáadáa, kò fi nǹkan kan pamọ́. Ìbídùnní kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Ó ti fa àga, ó ti jókòó ti ẹ̀gbà rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, omijé ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Mi ò gbà," ló wí. "Mo fẹ́ kí wọ́n tún un wọ̀n."